Wolé-wolé Iná: Àṣẹ Wo Ló Wà Lọ́wọ́ Wọn?

Gbogbo wa la gbọ́ nípa wolé-wolé tó ń yẹ inú àmù wò láyé àtijọ́. Iná mànàmáná náà ní wolé-wolé tiẹ̀, àmọ́ àwa ọlọ́jà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n.

Iná ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ti ń tan án l'Ékòó láti 1896. Lórí òkè Jos níbí, NESCO dé ní 1929, agbára omi ni wọ́n fi ń mú iná wá fáwọn tó ń wa kùsà. Òfin 1950 dá ECN sílẹ̀. Ní 1972, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àjọ tó ni ìdídò Kainji, ó di NEPA.

Láyé NEPA, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn tirẹ̀ tó ń yẹ iná wò, àmọ́ lójú àwa ará ọjà, NEPA náà ni gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan dé, kò fọwọ́ kan wáyà, ó gbowó, ó ní ó ti dáa. Kò pé oṣù méjì, fíúùsì gbiná mọ́ ògiri. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọ̀sán ni. Aṣọ báálì mẹ́rin ló bá a lọ.

NEPA di PHCN ní 2005. Ní 2013, ìjọba ta iná fáwọn aládàáni. Ta ni yóò wá máa yẹ àwọn náà wò? Ẹni tó ń ta gàrí kọ́ ló yẹ kó máa yẹ òṣùwọ̀n ara ẹ̀ wò. Òfin 2015 gbé iṣẹ́ yẹn fún NEMSA, òfin iná ti 2023 náà ò gbà á lọ́wọ́ wọn.

NEMSA kì í ta iná, kì í gba owó iná. Tiwọn ni kí wọ́n yẹ wáyà àti tiransifọ́mà wò, kí wọ́n fúnni níwèé pé ó dáa. Àwọn ló ń dán mítà wò, àwọn ló ń fún oníwáyà níwèé àṣẹ. Bí wọ́n bá rí wáyà tó lè pààyàn, wọ́n láṣẹ láti ní kí wọ́n já a títí wọn yóò fi tún un ṣe, ìbáà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná.

Torí náà, bí ẹnì kan bá ní wolé-wolé iná lòun, ẹ béèrè káàdì ẹ̀. Bó bá tọ́, ẹ jẹ́ kó wọlé. Ẹ má fún un lówó kó lè yà kúrò, ẹ̀mí ara yín lẹ ń tà yẹn. Ẹ bi oníwáyà yín pé ìwé NEMSA ẹ̀ dà. Àwa tó rí ọjà Terminus lẹ́yìn tó jó ní 2002, ohun yòówù kó fà á, a mọ ohun tí iná ń sọ ọlọ́jà dà.

Ẹ̀yin àgbà tó rántí ayé ECN, ẹ bá wa fi kún un.