Bí àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà ṣe ń jọ dín oògùn ìrora kù

Nínú ọjà tí mo ti ń tajà, kò sí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ tramadol rí. Aláàárù ń lò ó, awakọ̀ ń lò ó. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ń lò ó nítorí ẹ̀yìn tó ń ro ó. Lọ́jọ́ kan ló ní òun ò lò ó mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pé kí wọ́n lọ bá òun rà á wá. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Kí ni opioid?

Oògùn ìrora tó lágbára gan-an ni. Morphine, codeine àti tramadol wà lára wọn. Ó wúlò fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tàbí ẹni tó ní jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá lò ó fún oṣù lórí oṣù, á mọ́ ọn lára. Ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní ràn án mọ́, á wá máa fi kún un. Tó bá pọ̀ jù, èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, èèyàn sì lè gba ibẹ̀ kú.

Kí ni wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà?

VA ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀. Lọ́dún 2013, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò láti dín opioid kù ní gbogbo ọsibítù wọn. Lọ́dún 2018, àwọn dókítà VA ní Minneapolis gbé ìwádìí jáde lórí èèyàn 240 tí ẹ̀yìn, ìbàdí tàbí orúnkún ń ro. Wọ́n fún apá kan ní opioid, wọ́n fún apá kejì ní oògùn bíi paracetamol àti ibuprofen. Lẹ́yìn oṣù 12, àwọn tó lo opioid kò lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn ju àwọn yòókù lọ. Ìrora àwọn tí kò lò ó tilẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ ju tiwọn lọ.

Báwo ni ìtọ́jú alájùmọ̀ṣe ṣe rí?

Àwọn aláìsàn díẹ̀ á jọ jókòó pẹ̀lú dókítà, apòògùn tàbí nọ́ọ̀sì. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni:

- pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ara bá ń ro èèyàn ló túmọ̀ sí pé ara ń bàjẹ́ sí i;
- kí wọ́n pín iṣẹ́ sí kéékèèké, kí wọ́n sinmi kó tó rẹ̀ wọ́n;
- bí wọ́n ṣe lè sùn dáadáa, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa na ara, kí wọ́n máa mí kanlẹ̀.

Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé sójà máa ń gbọ́ sójà lédè. Ẹni tó ń tijú láti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò lè ṣe láìlo oògùn, á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, òun náà á sì lè la ẹnu.

Ẹ má já a sílẹ̀ lójijì

Ibi tí bàbá wa ti ṣìnà nìyí. Ẹni tó ti lò ó pẹ́, tó wá já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á máa làágùn, á máa bì, kò ní rí oorun sùn, ìrora á sì le sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, FDA ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa èyí, torí àwọn kan ti gbìyànjú láti pa ara wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni VA ń dín in: bí ìdá 5 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Dókítà ló ń sọ iye tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu. Ẹgbẹ́ kì í gba iṣẹ́ dókítà ṣe.

Àwa ńkọ́?

Ìwádìí ìjọba lórí oògùn ní Nàìjíríà, tó jáde ní 2019, sọ pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 4.6 ló ń lo opioid láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Àwa ti ní ìpàdé oṣooṣù tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn tó wà láàárín wa kó wá bá àwọn bàbá wa sọ̀rọ̀, ká má fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, ká sì tẹ̀ lé ẹni tó bá fẹ́ dín in kù dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.