Ìbọn Ṣakabùlà àti Ọwọ́ Alágbẹ̀dẹ ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn ogun ilẹ̀ wa, orúkọ àwọn ológun ni a máa ń gbọ́. A kì í gbọ́ orúkọ alágbẹ̀dẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí balógun tí ó lè jà pẹ́ láìsí ẹni tí ń tún ìbọn rẹ̀ ṣe.

Àwọn Òyìnbó oníṣòwò ni ó kó ṣakabùlà wá sí etí òkun wa. Ṣùgbọ́n àwọn alágbẹ̀dẹ wa tú u palẹ̀, wọ́n mọ ìdí rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe irú rẹ̀. Irin gígùn oníhò ni ọ̀pá rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ a dí ìdí rẹ̀ pinpin, àfi ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí iná ń gbà wọlé. Igi líle tí ó gbẹ dáradára ni a fi ń gbẹ́ ìdí ìbọn. Ẹni tí yóò yìn ín a da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, a fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, a ki ọta tẹ̀ lé e, a sì da ẹ̀tù díẹ̀ sí etí ihò náà. Òkúta a lu irin, iná a ṣẹ́, ẹ̀tù a gbiná. Bí ìdí ọ̀pá náà kò bá dí dáradára, ojú ẹni tí ó yìn ín ni yóò bàjẹ́. Nítorí náà, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ olóòótọ́ ni ẹ̀mí ọdẹ wà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù November, ọdún 1878, Balógun Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n ti Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Ìkìrun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ kú sínú odò Ọ̀tìn. Nítorí náà ni a ṣe ń pe ogun náà ní Jálumi. Ní àkókò ogun wọ̀nyí ni àwọn ará Òkukù sá wá fi Ìkìrun ṣe ibi ìsádi.

Nígbà tí ogun Kírìjì dé, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn Snider gbà láti Èkó. Láti ẹ̀yìn ni a ń ki èyí, ẹ̀tù sì ti wà pẹ̀lú ọta rẹ̀ nínú ìdì kan ṣoṣo. Alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ ọta ṣakabùlà kò lè rọ irú èyí. Láti ìgbà náà ni agbára ogun ti kúrò ní ilé arọ, tí ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn oníṣòwò etí òkun. A tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886. Ní 1893 ni àwọn ọmọ ogun tú ká.

Ṣakabùlà padà di ti ọdẹ. Òfin ọdún 1959 sì béèrè pé kí ẹni tí ó ní i gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé kí a gbàgbé ọgbọ́n tí ó ṣe é. Owú kan náà tí ó rọ ìbọn ni ó rọ ọkọ́ tí ó bọ́ àwọn baba wa. Ẹ jẹ́ kí a béèrè orúkọ àwọn alágbẹ̀dẹ ìdílé wa lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ilé arọ tí iná rẹ̀ bá kú kì í sọ ìtàn ara rẹ̀.