Àgbà Tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Àwọn àgbà ní, “Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.” Ìdí oúnjẹ ni òwe yìí ti ṣẹ̀ wá. Bí àgbà bá jẹun, ó yẹ kó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ á jẹ ẹ́, wọ́n á fọ abọ́, wọ́n á sì bá a gbé e wọlé. Àgbà tó bá lá abọ́ gbẹ kò ní rí ọmọ tí yóò jíṣẹ́ fún un. Ọ̀kánjúwà la sábà máa ń fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n ó tún kọ́ wa pé ohun tí a kò bá ṣẹ́ kù fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa ń di ẹrù sí wa lórí, ẹrù náà a sì máa wúwo ju oúnjẹ tí a jẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ igbó ilẹ̀ Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo fẹ́ fi òwe yìí wò. Ìlú ọdẹ ni Kétu. Ní Brasil títí dòní, ọba Kétu ni wọ́n ń pe Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ. Ilẹ̀ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ìtàn gbà pé ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Ẹ wo orí tí wọ́n fi igi gbẹ́ fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́: ejò wà níbẹ̀, ẹyẹ wà, ẹkùn náà wà. Ọmọ Kétu tó ń wòran lónìí mọ ẹkùn lójú igi. Ta nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti pàdé ẹkùn lọ́nà oko rí?

Ọ̀bọ kan wà tó fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ní gúúsù òkè Kétu, ilẹ̀ rọra lọ sísàlẹ̀ sí ilẹ̀ amọ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń di ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ mú lásìkò òjò. Kòtò ilẹ̀ yìí gba apá ìwọ̀-oòrùn lọ títí ó fi dé igbó Lama, láàrin Àlàdá àti Abomey. Ní 1946 ni ìjọba sọ Lama di igbó ìjọba. Fífẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 16,250, ṣùgbọ́n hẹ́kítà 4,777 péré láàrin rẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1988 pé kí ẹnikẹ́ni má dáko níbẹ̀ mọ́. Igi tíìkì tí a gbìn ló gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyókù. Àárín náà ni ilé ọ̀bọ oníkùn pupa, ọlọ́fun funfun, tó ń jẹ awin àti àwọn èso igbó mìíràn, tó sì ń fọ́n kóró wọn káàkiri bó ṣe ń lọ. Ó wà lára àwọn ọ̀bọ tí ewu ìparun dojú kọ jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti kọ́kọ́ mọ ọ̀bọ yìí. Ní 1866, John Edward Gray fún un ní orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà tó rí ọ̀kan lóòyẹ̀ nínú ọgbà náà. “Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà” nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ti wá. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwọn onímọ̀, tí Brice Sinsin ti Yunifásítì Abomey-Calavi wà lára wọn, tó ṣàlàyé ibùgbé rẹ̀ ní Lama. Àwọn tó mú un sọ́gbà mọ ojú rẹ̀, wọn kò mọ ilé rẹ̀.

Síbẹ̀, ọgbà ẹranko ti yí padà láti ìgbà náà, ó sì yẹ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹran aṣálẹ̀ kan wà tí ìwo rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan lára àwọn tí òyìnbó ń pè ní oryx. Ní ọdún 2000, àjọ IUCN, tó ń kíyè sí ewu tó dojú kọ ẹranko lágbàáyé, kéde pé kò sí ọ̀kan ṣoṣo mọ́ nínú igbó. Ìwọ̀nba tó kù nínú ọgbà ẹranko àti ní Abu Dhabi ni wọ́n ń mú bímọ, tí wọ́n ń kọ ìran wọn sílẹ̀ kí ẹbí má baà gun ẹbí. Láti 2016 ni wọ́n ti ń dá wọn padà sí ilẹ̀ Chad, wọ́n ti ń bímọ níbẹ̀, nígbà tó sì di 2023, IUCN yọ wọ́n kúrò lára àwọn ẹran tó ti tán nínú igbó. Nítòsí wa ní Gánà, ọgbà ẹranko Heidelberg ní Jámánì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá àjọ WAPCA sílẹ̀ ní 2001. Àjọ náà ń tọ́jú àwọn ọ̀bọ tó ṣọ̀wọ́n ní Accra, ó sì ń bá àwọn ará abúlé ṣọ́ igbó Kwabre lẹ́bàá ààlà Côte d'Ivoire.

Ẹ kíyè sí bí iṣẹ́ ọgbà ẹranko àti iṣẹ́ ṣíṣọ́ igbó ṣe rìn pọ̀. Irúgbìn ni ẹran inú ọgbà, igbó sì ni ilẹ̀ tí a ó gbìn ín sí. Bí ilẹ̀ bá ti tán, inú àká ni irúgbìn yóò gbó sí. Ọ̀bọ tí wọ́n bí sínú ọgbà kò mọ èso tó ń pọ́n lóṣù Ẹrẹ́nà, kò mọ òjìji idì. Owó oúnjẹ, dókítà ẹran àti olùṣọ́ kì í dáwọ́ dúró lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ pé igbó a máa bọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹrù igbá tí òwe sọ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òun ṣàánú nígbà tó bá ra ọmọ ọ̀bọ létí títì: ìyá rẹ̀ ti wọ ìkòkò ọbẹ̀, owó tí a san yóò sì rán ọdẹ padà síbẹ̀.

Iṣẹ́ tó kan Kétu kò jìnnà, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ní Drabo-Gbo, lẹ́bàá Cotonou, Peter Neuenschwander, onímọ̀ kòkòrò ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ oko tó ti ṣá ní 1995, ó sì ń so ó pọ̀ mọ́ àwọn igbó òrìṣà kéékèèké. Nǹkan bíi hẹ́kítà 14 ni gbogbo rẹ̀, ọ̀bọ oníkùn pupa sì ń gbé inú rẹ̀ lónìí. Àwa náà ní igbó Orò, a ní igbó òrìṣà, a sì ní ọdẹ tó mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran ju òṣìṣẹ́ ìjọba lọ. Kí ẹgbẹ́ ọdẹ àti àwọn ìjòyè Alákétu, ọba Kétu, jókòó pọ̀, kí wọ́n yan ẹran tí a kò gbọdọ̀ pa mọ́ rárá àti oṣù tí ìbọn yóò sinmi nítorí àwọn ẹran tó lóyún. Kí a pààlà sí igbó òrìṣà kọ̀ọ̀kan kí oko tó jẹ ẹ́ tán, kí a sì sanwó fún ọdẹ tó bá ń ṣọ́ ọ bí a ti ń sanwó fún ẹran tó bá pa.