Omi Kan, Ọgbọ́n Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú àti Bàrígà yóò mọ̀ pé bí òjò oṣù Kẹfà àti Keje bá ti rọ̀, omi a di àlejò tí kì í kágò kí ó tó wọlé. Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo ará àdúgbò méjèèjì ń gbà pàdé àlejò yìí. Ibi tí baba ẹni ti ṣí wá ni ó ń kọ́ni bí a ti ń bá omi gbé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo etí ọ̀sà ní Bàrígà. Iṣẹ́ ẹja pípa ni ó gbé àwọn Ìlàjẹ láti etí òkun Oǹdó àti àwọn Ègùn láti ìhà Àgbádárìgì dé ibẹ̀. Wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀, wọ́n fi pákó kọ́ ilé lé e lórí, kí omi lè gba abẹ́ kọjá. Wọn kò lé omi. Wọ́n yà fún un. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Màkókò, ó sì wà ní Ganvié ní ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn Tófínù sá sí lórí adágún Nokoué nígbà tí àwọn akónilẹ́rú ń lé wọn. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí ogun ni ó wá di ààbò lọ́wọ́ ìkún omi.

Ti àárín àdúgbò yàtọ̀. Ṣómólú, tí òkìkí rẹ̀ kàn fún iṣẹ́ ìwé títẹ̀, gba ọ̀pọ̀ ènìyàn láti àwọn ìlú òkè. Orí ilẹ̀ ni ilé tiwọn ń jókòó sí. Ọgbọ́n ìlú òkè ni pé kí a má kọ́lé sí ojú odò. Ìlú tí ó bá gbàgbé èyí, ojú rẹ̀ a rí nǹkan: ní 31 oṣù Kẹjọ, 1980, odò Ògùnpa pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn, ní 26 oṣù Kẹjọ, 2011, àgbàrá tún pa ju 100 lọ níbẹ̀. Ní Ṣómólú, ilé ti fún mọ́ra débi pé ojú omi kò hàn mọ́. Ohun tí ó kù ni kí onílé mọ odi kékeré sí ẹnu ọ̀nà, kí atẹ̀wé sì gbé bébà rẹ̀ sórí pẹpẹ. Odi tí ẹnì kan mọ, ilé aládùúgbò ni ó ń ti omi sí.

Ṣé ọgbọ́n etí ọ̀sà ni ó wá borí ni? Ayétòrò, tí àwọn Ìlàjẹ tẹ̀dó ní 1947, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òpó lè gbé ilé ga ju ìkún omi lọ, ṣùgbọ́n kò lè dá òkun tí ó ń jẹ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúró. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ìlú náà lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí Kúnlé Adéyẹmí ṣe, tí ó léfòó ní Màkókò ní 2013, wó lẹ́yìn òjò ńlá ní oṣù Kẹfà, 2016. Ní etí ọ̀sà Èkó, ọ̀pọ̀ sì ti fi ìdọ̀tí àti ìyẹ̀fun pákó dí omi kí wọ́n lè ní ilẹ̀. Omi tí a dí níbì kan, ibòmíràn ni ó ń gbà.

Bí ìjọba bá ka ilé orí òpó sí èérí tí a gbọ́dọ̀ kó kúrò, bí ó ti ṣe ní Màkókò ní oṣù Keje, 2012, ìmọ̀ ni a ń wó pẹ̀lú pákó. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Kí ará òkè kọ́ bí a ti ń yà fún omi; kí ará etí ọ̀sà rántí pé omi ni ó ni ojú omi. Níbi tí àwọn méjèèjì ti jọ ń mu kànga kan náà, kò yẹ kí ẹ̀kọ́ náà ṣòro.