Ojú Àpá àti Ojú Ara: Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Kan ní Oníkàn

Ní Ṣáṣá, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ìlú Èkó, ọkọ̀ tí ara rẹ̀ tẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wọ́, kì í pẹ́ kí ó tó padà bọ̀ sípò lọ́wọ́ àwọn ajórin àti àwọn tí ń kun ọkọ̀ ní ọ̀dà. Wọn a fi òòlù na irin rẹ̀ títí yóò fi tọ́, wọn a dí ihò rẹ̀, wọn a ha á títí yóò fi jọ̀lọ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ (orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a fi sọ irin!) lè ti kú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ń wà á. Iṣẹ́ tí a sì ń yìn jù lọ ni èyí tí ojú kò lè rí. Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Gbogbo ọgbọ́n àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ wọ̀nyí ni láti sọ òwe náà di irọ́.

Ohun kan náà ni àwọn ọlọ́rọ̀ òkèèrè ń wá. Ní oṣù kejì ọdún 1954 ni a fi Mercedes-Benz 300 SL, ọkọ̀ asáré oníjókòó méjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè bí apá ẹyẹ, han aráyé ní New York. Nǹkan bí 1,400 irú rẹ̀ ni a ṣe kí iṣẹ́ rẹ̀ tó dópin ní 1957. Ẹni tí ó bá ń tún un ṣe lónìí a tú u dé egungun, a sì wá ọ̀dà àti awọ ìjókòó bí ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ó bá parí, a ó rò pé ẹnikẹ́ni kò wà á rí.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gba ọ̀nà yìí. Ní 2009 ni àwọn òmùwẹ̀ fa Bugatti kan, tí a ṣe ní 1925, jáde láti ìsàlẹ̀ adágún Maggiore. Peter Mullin, ará Amẹ́ríkà tí ó rà á ní 2010, kò tún un ṣe. Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ìpẹtà rẹ̀ kí ènìyàn wò ó, nítorí pé omi náà ti di apá kan nínú ìtàn rẹ̀.

Ìpinnu tí ó wúwo ju ìyẹn lọ ni ti Mercedes-Benz dúdú tí ó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní Oníkàn ní 1957. Ọkọ̀ asáré kọ́ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, inú rẹ̀ ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Ìkòyí. Kò sí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ níwájú, kò sí lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ogun tí Buka Suka Dimka ṣáájú yìnbọn pa á, wọ́n sì pa Akintunde Akinsehinwa, ọmọ ogun tí ń bá a rìn. Ìdìtẹ̀ náà kò dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kú ti kú.

Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára ọkọ̀ náà. Ajórin kan lè dí wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìpalára ńlá ni ìbá sì jẹ́. Ìwé ìtàn lè sọ pé olórí náà kò fẹ́ ariwo ẹ̀ṣọ́. Irin lásán tí ọta dá lu ni ó ń jẹ́rìí sí i. Bákan náà ni a kò dí ihò ara ọkọ̀ tí a pa Franz Ferdinand sí ní Sarajevo ní 1914, èyí tí ó wà ní Vienna.

Ṣùgbọ́n àìtúnṣe kì í ṣe àìtọ́jú. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà kò jìnnà sí Oníkàn, ìpẹtà kò sì mọ olórí yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù. Etí ihò, níbi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò, ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá dá a dúró pẹ̀lú òróró àti ọwọ́ tí ó mọ irin, ihò náà yóò máa fẹ̀ sí i, títí a kò fi ní mọ èyí tí ìbọn dá lu yàtọ̀ sí èyí tí ìpẹtà jẹ.