Òkè Lanzerath, December 16, 1944

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Òkùnkùn ṣì ṣú biribiri nígbà tí àgbá àwọn Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Lórí òkè kan nítòsí abúlé Lanzerath ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà 18 ká gúlútú sínú kòtò tí wọ́n fi ìtì igi bò. Ìtì igi yẹn ló yọ wọ́n. Iṣẹ́ amí ni wọ́n kọ́, wọn ò kọ́ wọn láti dí ojú ọ̀nà. Ọ̀gá wọn, Lyle Bouck, kò tíì pé ọmọ ọdún 21.

Ilẹ̀ mọ́, àgbá dákẹ́. Àwọn Amẹ́ríkà tó wà nínú abúlé kẹ́rù wọn, wọ́n lọ. Mẹ́rin péré tó ń júwe ibi tí wọ́n máa yin àgbá sí ló wá dara pọ̀ mọ́ àwọn ará òkè. Bouck béèrè lórí rédíò bóyá kí àwọn náà kúrò. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ yẹsẹ̀.

Ìgbà tó yá, àwọn Jámánì yọ lọ́nà, wọ́n tò ní ìlà méjì. Bouck fẹ́ kí àwọn tó wà níwájú kọjá kó tó yìnbọn sí ọ̀gá wọn. Àfi bí ọmọbìnrin kékeré kan ṣe sáré jáde, tó bá wọn sọ̀rọ̀, tó sì nawọ́ síbì kan. Àwọn Amẹ́ríkà ò lè yìnbọn nítorí ọmọ náà. Kó tó di pé ó yà, àwọn Jámánì ti bẹ́ sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ogun bẹ̀rẹ̀. Pápá gbalasa ni wọ́n ní láti gbà gun òkè, ọgbà wáyà sì wà láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀ kó fo wáyà, ọta á bá a. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n gbé aṣọ funfun sókè kí wọ́n lè kó àwọn tó fara gbọgbẹ́, Bouck sì gbà. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún gba ojú pápá yẹn kan náà wá. Kí ló dé tí wọn ò gba inú igbó láti àárọ̀? Ọmọdé ló pọ̀ nínú wọn, àwọn ọ̀gá wọn ló sì ń rán wọn lọ pàdé ikú. Ó dùn mí púpọ̀.

Ọta fọ́ rédíò Bouck. Àgbá tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wá.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ọta ìbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn Jámánì sì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, wọ́n mú wọn. Ọta ti ba ojú William James, ọ̀rẹ́ Bouck, jẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kú nínú àwọn tó wà lórí òkè.

Òru dé. Nínú ilé kọfí kan ní Lanzerath, Bouck jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fara gbọgbẹ́. Aago lu méjìlá, ó pé ọmọ ọdún 21. Joachim Peiper, ọ̀gá ọmọ ogun Jámánì kan, wọlé tìbínú-tìbínú. Òun ló yẹ kó kó táńkì rẹ̀ sáré dé odò Meuse, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ. Àwọn Jámánì tó bá níbẹ̀ ní Amẹ́ríkà kún inú igbó. Ó bi wọ́n léèrè ẹni tó rí wọn. Kò sí ẹni tó lọ wò.

Bouck lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n, èrò rẹ̀ sì ni pé àwọn ti kùnà. Ọdún 1981 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fún àwọn 18 náà ní àmì ẹ̀yẹ akọni, nígbà tí àwọn kan nínú wọn ti kú.