Rìmóòtù AC yín, ṣé dandan ni kó gba òkè òkun kọjá?

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun wá sọ́dọ̀ wa bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kàn. Ẹ ó rántí ọjọ́ náà: áàpù àwọn báńkì kan ò ṣí, íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ́ bí ìgbín. Èmi wà nínú yàrá l'Ékòó, mò ń tẹ fóònù kí AC lè tàn. Kò dá mi lóhùn. Iná wà o, Wi-Fi náà wà. Rìmóòtù tó bá AC yẹn wá ti sọnù tipẹ́, mi ò sì wá a, torí mo ti gbà pé fóònù layé ń lò báyìí. Mọ́mì mi tó wá kí mi láti Ìbàdàn ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Wọ́n ní: "Ṣé ìwọ lo ni AC yìí, àbí wọ́n fi yá ẹ ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Àpótí kékeré kan tó wà lórí tábìlì ló máa ń bá mi ṣe iṣẹ́ rìmóòtù. Tí mo bá tẹ fóònù, àṣẹ náà á gba ráútà jáde, á lọ bá sáfà ilé iṣẹ́ tó ṣe é lókè òkun, á tún padà wá sínú ráútà kan náà kó tó dé inú àpótí. Àpótí á wá tan ìmọ́lẹ̀ sí AC tí kò jìnnà sí i ju mítà mẹ́ta lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí Wi-Fi kan náà ni fóònù àti àpótí jọ wà! Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó wà ní pálọ̀ bá ń kọ lẹ́tà sí London kó tó lè bá ẹni tó wà ní kíṣìnì sọ̀rọ̀.

Látìgbà náà ni mo ti ń kó gbogbo rẹ̀ wálé díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí.

Irú rìmóòtù méjì ló wà

Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní infrared ni rìmóòtù tẹlifíṣàn, ti AC àti ti ọ̀pọ̀ fáànù fi ń sọ̀rọ̀. Ojú wa ò lè rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà rí i. Ẹ kọ orí rìmóòtù sí kámẹ́rà tí ẹ fi ń ya sẹ́lífì, kí ẹ sì tẹ ẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ ó rí i tó ń ṣẹ́jú, àwọ̀ rẹ̀ á fẹ́ jọ elésè àlùkò. Nǹkan bí ìgbà 38,000 ló ń ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ojú AC lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ti gílóòbù. Bó ṣe ń tàn pẹ́ tó àti bó ṣe ń dákẹ́ pẹ́ tó, èdè tó ń sọ nìyẹn. Kì í gba inú ògiri kọjá rárá.

Rìmóòtù géètì àti aago ẹnu ọ̀nà tí kò ní wáyà ń lo ìgbì rédíò ní tiwọn. Orí 433.92 MHz ni púpọ̀ nínú èyí tí à ń rí níbí wà. Ní Amẹ́ríkà, 315 MHz wọ́pọ̀. Ìyẹn ń gba ògiri kọjá dáadáa. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fowó ṣòfò: wọ́n á ra àpótí infrared lásán, wọ́n á wá retí kó ṣí géètì. Bí àpẹẹrẹ, infrared nìkan ni Broadlink RM4 Mini ní, RM4 Pro ló ní méjèèjì. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sanwó ní Computer Village.

Bí mo ṣe mú un wálé

Home Assistant ni mo lò, èyí tí Paulus Schoutsen bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013. Ọ̀fẹ́ ni. Orí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni mo gbé e sí. Àwọn mìíràn ń lo Raspberry Pi tí kì í sábà jẹ tó wáàtì 10, ínfátà ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé ráútà ò nílò dátà kó tó lè so àwọn ohun tó wà nínú ilé pọ̀. Bí dátà bá tán, tí iná bá ti wà lára ráútà, fóònù àti láptọ́ọ̀pù yẹn ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ Broadlink lẹ rà, ẹ wọ inú áàpù rẹ̀ kí ẹ tú ibi tí wọ́n ti ti ẹ̀rọ náà pa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Home Assistant ò ní lè bá a sọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi fi ọwọ́ so tèmi ni: bọ́ọ̀dù ESP8266 kan, ESPHome lórí rẹ̀, gílóòbù infrared kékeré kan, àti VS1838B tó ń gbọ́ ohun tí rìmóòtù ń sọ kó lè kọ́ ọ. Mo kọ́kọ́ fo transistor, mo ní kí ló fẹ́ ṣe. Ìmọ́lẹ̀ náà ò dé ju apá nínà lọ, torí nǹkan bí 12 mA péré ni ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù yẹn lè gbé. Ẹ má fo transistor.

Àti pé kì í ṣe okùn abẹ́ òkun nìkan ló lè já o. Ní ọdún 2017, Logitech kéde pé àwọn máa pa Harmony Link, àpótí rìmóòtù tí àwọn èèyàn ti fowó rà, ní oṣù Kẹta ọdún 2018. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n tó ní àwọn á fún gbogbo ẹni tó ní in ní Harmony Hub lọ́fẹ̀ẹ́.

AC kì í ṣe tẹlifíṣàn

Bọ́tìnnì tẹlifíṣàn kan, ọ̀rọ̀ kan. Ti AC yàtọ̀: gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ ẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń tún sọ látòkè délẹ̀, ìwọ̀n òtútù, bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, gbogbo ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kọ́ àpótí yín ní "fi ìwọ̀n kan kún un". Ẹ kọ́ ọ ní "24, òtútù, afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́" lódindi.

Wàhálà tó kù ni pé AC kì í fèsì. NEPA á mú iná lọ, AC á kú, fóònù á ṣì máa sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru yàrá sí i: tí ooru ò bá wálẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, Home Assistant á tún àṣẹ náà rán. Kò pé, àmọ́ ó sàn. Mo sì ti rí rìmóòtù yẹn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló so kọ́ báyìí.

Ti géètì

Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Mo ní kí àpótí tó ń lo 433 MHz kọ́ ohùn rìmóòtù géètì wa. Ìgbà kan péré ló gbọ́ ọ, ó sì ṣí i. Ìyẹn ni pé kóòdù kan náà ni rìmóòtù yẹn ń sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, ẹni tó bá sì dúró nítòsí pẹ̀lú irú àpótí yìí nígbà tí a bá ń wọlé lè dà á kọ, kó padà wá lóru. Àwọn géètì tó dáa máa ń lo kóòdù tó ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, èyí tó ti lò kò ní wúlò mọ́.

Mo pe lándìlọ́ọ̀dù wa jáde, mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nǹkan." Mo tẹ fóònù, géètì ṣí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣe ládùúgbò. Mo ní mi ò mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀dù géètì àti rìmóòtù ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí oníkóòdù tó ń yí padà. Mo tún gbé àpótí mi jáde kí n dán an wò lójú wọn. Géètì ò mira.